Ìyá tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú nílé ẹ̀kọ́ ìlú: báwo la ṣe máa yẹ́ wọn sí tí kò ní parí sí fọ́tò?

Akọ̀wé_Òbí

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹgbẹ́ òbí kan ní ìlú kékeré kan lẹ́yìn Boston, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, fẹ́ yẹ́ màmá àgbàlagbà kan sí. Màmá kì í ṣe olùkọ́, ẹnikẹ́ni ò sì dìbò yàn wọ́n sípò rí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń jókòó sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìlú, tí wọ́n ń béèrè ohun kan náà: kí ló dé tí àwọn ọmọ wa àti àwọn ọmọ METCO tó ń wọ bọ́ọ̀sì wá láti Boston (METCO ni ètò tó ń mú ọmọ Boston wá sílé ẹ̀kọ́ àwọn ìlú tó yí i ká) fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tí ilé ẹ̀kọ́ ń lé sílé fún ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n sì kéré tó bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì ìṣirò tó ga? Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìgbìmọ̀ ti yí ìlànà padà nítorí ìbéèrè yìí.

$3,000 ló wà lápò ẹgbẹ́. Ìpàdé ìgbìmọ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹfà la ń fojú sí. Àwọn kan fẹ́ ìwé ìkéde láti ọ̀dọ̀ ìlú, àwọn kan fẹ́ pátákó onídẹ lára ògiri, àwọn kan fẹ́ sikọ́láṣíìpù lórúkọ Màmá, àwọn kan sì ní ká fi orúkọ wọn sọ yàrá ìkàwé. Èwo ló yẹ kó ṣáájú? Kí ni ìgbìmọ̀ máa béèrè lọ́wọ́ wa? Kí la sì máa kọ sínú ìwé náà tí iṣẹ́ Màmá kò fi ní di ohun ìgbàgbé lọ́jọ́ kejì ayẹyẹ?

Ìwé_Ìpàdé

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àníyàn. Kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ẹ lọ jókòó ti Màmá fún wákàtí kan. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ẹ, ẹ bi wọ́n nípa ohun tí kò gbọdọ̀ jáde ní gbangba, ẹ sì bi wọ́n nípa àwọn tí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ náà. Ìbéèrè kejì yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń fò. Ẹni tó bá ti ń tẹ̀ lé òbí lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fún ogún ọdún yóò ní ẹjọ́ ọmọ púpọ̀ lọ́wọ́. Òfin FERPA ti ọdún 1974 de ilé ẹ̀kọ́ pé kò gbọdọ̀ tú àkọsílẹ̀ ọmọ síta láìgba àṣẹ òbí, àmọ́ kò de ẹgbẹ́ òbí, torí náà ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣọ́ ẹnu yín. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé Màmá “gba ọmọ kan sílẹ̀ ní kíláàsì kẹjọ ní 2016”, tí ọmọ aláwọ̀ dúdú ò sì ju mẹ́wàá lọ nínú kíláàsì ọ̀hún, gbogbo ìlú ti mọ ọmọ náà nìyẹn.

Ó kan ọ̀rọ̀ ìwé. Oríṣi mẹ́ta ló wà, wọn ò sì lágbára bákan náà. Ìwé ìyìn láti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀: aṣojú yín tàbí sẹ́nétọ̀ yín lẹ máa kọ̀wé sí, ọ́fíìsì wọn á tẹ̀ ẹ́, á fọwọ́ sí i, ó parí. Ìwé ìkéde ìlú: olórí ìlú tàbí alága ìgbìmọ̀ ìlú ló ń fọwọ́ sí i, wọ́n á kà á sókè lọ́jọ́ kan. Ìpinnu ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́: èyí ni wọ́n máa ń dìbò lé lórí, tó ń wọ inú àkọsílẹ̀ ìpàdé, tó sì lè gbé àṣẹ. Ìwé méjì àkọ́kọ́ yẹn dáa fún gbígbé kọ́ sí pálọ̀. Ìpinnu ni kí ẹ lépa.

Ẹ ka ọjọ́ sẹ́yìn láti ọjọ́ ìpàdé. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ṣáájú, ẹ fi ìwé àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí alága ìgbìmọ̀ àti akọ̀wé superintendent (ọ̀gá àgbà gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìlú), torí àwọn méjèèjì ló sábà máa ń to ètò ìpàdé. Ẹ ṣọ́ra fún ìdìbò ìlú, tó máa ń bọ́ sí ìgbà ìrúwé ní ọ̀pọ̀ ìlú. Alága tó ṣèlérí fún yín ní oṣù kẹta lè má sí nípò mọ́ ní oṣù kẹfà, ìwé yín á sì sùn sínú í-meèlì rẹ̀. Ọmọ ìgbìmọ̀ méjì ni kí ó ní ẹ̀dà lọ́wọ́, kí ìkan nínú wọn jẹ́ ẹni tí sáà rẹ̀ ò tíì parí.

Òfin ìpàdé gbangba ìpínlẹ̀ yìí ní kí wọ́n lẹ ètò ìpàdé ní wákàtí 48 ṣáájú, wọn kì í sì í ka Sátidé, Sọ́ńdè àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba mọ́ ọn. Ìpàdé aago méje alẹ́ Túsìdé: aago méje alẹ́ Fúráídè ni òpin, èyí tó túmọ̀ sí ọ̀sán Fúráídè nítorí ọ́fíìsì á ti tì. Bí Mọ́ńdè bá jẹ́ ìsinmi, Tọ́sìdé nìyẹn. Ẹ rántí pé June 19 jẹ́ ìsinmi níbí, inú oṣù tí ẹ mú gan-an ló sì wà. Ẹ rí i pé wọ́n kọ kókó náà síbẹ̀ ní kedere pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìdìbò. Bí ètò bá kàn kọ “ọ̀rọ̀ ará ìlú”, wọ́n á gbọ́ yín fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọn ò ní dìbò.

Nípa kíkọ ọ́: ojú ìwé kan, gbólóhùn “níwọ̀n ìgbà tí” márùn-ún tàbí mẹ́fà, kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ bí wọ́n bá ń kà á. Ẹ wo méjì yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìkíní: “Níwọ̀n ìgbà tí Màmá ti fi ìfẹ́ àti ìtara sin gbogbo ọmọ ìlú wa.” Ìkejì: “Níwọ̀n ìgbà tí Màmá béèrè, ní ìpàdé oṣù kẹwàá, pé kí ìgbìmọ̀ máa ka iye ọmọ tí wọ́n lé sílé ní ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, tí ìgbìmọ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìbò márùn-ún sí méjì.” Ẹnikẹ́ni ló lè gba ìkíní. Ìkejì ti Màmá nìkan ni, torí inú àkọsílẹ̀ ìpàdé lẹ ti máa ṣà á. Bí àkọsílẹ̀ àtijọ́ ò bá sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ̀wé béèrè lábẹ́ òfin àkọsílẹ̀ ìjọba. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ni wọ́n ní láti fi dá yín lóhùn.

Ìsàlẹ̀ ìwé ni agbára wà. Lẹ́yìn “ìgbìmọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá”, ẹ fi kún un pé “ní ìpàdé àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá lọ́dọọdún, superintendent yóò ka iye náà sókè ní gbangba, ìròyìn náà yóò sì máa jẹ́ orúkọ Màmá.” Ìgbìmọ̀ tó bá wọlé lẹ́yìn lè gbàgbé ìpinnu, torí náà ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ gbólóhùn yẹn sínú ìwé ìlànà ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ìlànà tuntun ní láti gba kíkà lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dìbò. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá.

Oníṣirò

Mo fara mọ́ ohun tí Ìwé_Ìpàdé sọ pátápátá, àmọ́ ẹ yẹ iye wò kí ẹ tó fi sínú ìwé. Bí ẹnì kan bá dìde ní ìpàdé tó fi hàn pé iye kan kò tọ̀nà, Màmá ló máa dójú tì, ẹ̀yin kọ́.

Ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ ń gbé iye ọmọ tí wọ́n lé sílé jáde lọ́dọọdún fún ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yà sí ẹ̀yà. Ti ìjọba àpapọ̀ náà wà, tí wọ́n ń gbà jọ láti 1968. Ẹ wo àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Ṣé ọmọ ni wọ́n kà ni, àbí ìgbà? Ọmọ kan tí wọ́n lé lẹ́ẹ̀mẹ́ta jẹ́ ọ̀kan nínú tábìlì kan, ó jẹ́ mẹ́ta nínú òmíràn. Ẹ má fi tábìlì méjèèjì wéra.

Ọdún 2020 sí 2021 ò ṣeé lò. Ilé ni ọ̀pọ̀ ọmọ wà nítorí àrùn Kòrónà, iye náà já wálẹ̀ níbi gbogbo. Ẹni tó bá fi ọdún yẹn ṣe òpin àpèjúwe rẹ̀ ń purọ́ láìmọ̀.

Ìpínlẹ̀ ṣe òfin kan ní 2012 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní July 1, 2014: ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ro ọ̀nà mìíràn wò kó tó lé ọmọ sílé, ọmọ tí wọ́n bá sì lé gbọ́dọ̀ rí iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ṣe nílé. Gbogbo ìpínlẹ̀ ni òfin yẹn dé. Bí iye tiyín bá bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù lọ́dún 2014, ẹ wo bóyá ó dínkù ju ti àwọn ìlú tó yí yín ká lọ kí ẹ tó sọ pé Màmá ló ṣe é. Bí tiyín bá ṣáájú òfin náà, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà.

Ibi tó ń ṣi èèyàn lọ́nà jù rèé, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Ká ní ọmọ aláwọ̀ dúdú jẹ́ 90, wọ́n lé 18, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ọmọ aláwọ̀ funfun jẹ́ 900, wọ́n lé 45, ìdá 5. Ìlọ́po mẹ́rin. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n lé 9 nínú 90, ìdá 10, àti 18 nínú 900, ìdá 2. Iye ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n lé ti já sí ìdajì, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ti wálẹ̀ láti 15 sí 8, àmọ́ ìlọ́po ti gòkè láti mẹ́rin sí márùn-ún. Superintendent á mú èyí tó wù ú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí wọ́n máa kà. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, ìròyìn oṣù kẹwàá tó ń jẹ́ orúkọ Màmá lè di ohun tí wọ́n fi ń bo iṣẹ́ Màmá mọ́lẹ̀.

Fún kíláàsì ìṣirò, ẹ béèrè bí ọmọ ṣe ń wọ ibẹ̀. Bó bá jẹ́ pé olùkọ́ ló ń dábàá orúkọ tàbí òbí ló ń kọ̀wé béèrè, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń já bọ́. Ní Broward, ní Florida, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2005 sí í yẹ gbogbo ọmọ wò dípò kí wọ́n dúró de ìdábàá. Iye ọmọ aláwọ̀ dúdú àti ọmọ Hispanic tó wọ ètò àwọn ọmọ olóye gòkè gidigidi, láìṣe pé wọ́n sọ òṣùwọ̀n rẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tí owó ètò náà dínkù, iye náà tún já. Bí èyí bá wà nínú ohun tí Màmá ń béèrè, kí ìpinnu dárúkọ ọ̀nà ìwọlé, kó má fi mọ sí “àǹfààní fún gbogbo ọmọ”.

Bọ́ọ̀sì_Aago_Mẹ́fà

Àkíyèsí kan lórí ọ̀rọ̀, tìfẹ́tìfẹ́ ni. Akọ̀wé_Òbí, ẹ kọ “àwọn ọmọ wa àti àwọn ọmọ METCO”. Ẹ má jẹ́ kí gbólóhùn yẹn dé inú ìpinnu. Ọmọ METCO wà nínú ìwé ìlú yín, ìlú yín ni wọ́n ti ń kà á, ìlú yín ló ń fún un ní ìwé ẹ̀rí. Bí ẹ bá yà á sọ́tọ̀ nínú ìwé ìyẹ́sí ẹni tó fi ogún ọdún jà pé kí wọ́n má yà á sọ́tọ̀, a ti ba iṣẹ́ jẹ́ nìyẹn.

METCO bẹ̀rẹ̀ ní 1966 pẹ̀lú ọmọ 220 àti ìlú méje. Ruth Batson wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, òun kan náà ló kó ẹ̀sùn NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, lọ síwájú ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Boston ní June 11, 1963, tí ìgbìmọ̀ kọ̀ láti gbà pé ìyàsọ́tọ̀ wà nílé ẹ̀kọ́ wọn. Ọjọ́ keje lẹ́yìn náà ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ kọ̀ láti lọ sílé ẹ̀kọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gbólóhùn ìtàn kan nínú ìpinnu, èyí wà nílé yín. Ìtàn mìíràn tún ṣáájú rẹ̀: Benjamin Roberts gbé ìlú Boston lọ sílé ẹjọ́ nítorí ọmọ rẹ̀ Sarah tí wọ́n lé kúrò nílé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ ilé, ó pàdánù ní 1850, ṣùgbọ́n òfin ìpínlẹ̀ fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ nílé ẹ̀kọ́ ní 1855. Gbólóhùn kan péré o. Ìwé Màmá ni, kì í ṣe ìwé ìtàn.

Ẹ tún ro aago. Ìpàdé aago méje alẹ́ ní ìlú lẹ́yìn Boston túmọ̀ sí pé òbí tó ń gbé ní Mattapan tàbí Dorchester, àwọn àdúgbò Boston, tó jáde níbi iṣẹ́ ní aago márùn-ún ààbọ̀, kò ní dé, pàápàá bí kò bá ní mọ́tò. Àwọn òbí wọ̀nyẹn gan-an ni Màmá ń gbẹnu sọ fún. Ẹ bẹ alága kí ó fi ìbò náà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé, kó má bọ́ sí aago mẹ́wàá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò. Ẹ háyà bọ́ọ̀sì kan láti ibi tí bọ́ọ̀sì ọmọ ti ń gbé wọn, ẹ sì béèrè ìlà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn fi lè sọ̀rọ̀, kì í ṣe kó kàn máa wòran. Tí ẹ bá fẹ́ gba ohùn tàbí àwòrán ìpàdé sílẹ̀, òfin gbà yín láàyè, ẹ kàn sọ fún alága ṣáájú.

Akápò

Ọ̀rọ̀ sikọ́láṣíìpù. Pẹ̀lú $3,000, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè fún ọmọ kan ní $1,000 lọ́dún fún ọdún mẹ́ta, kó parí. Tàbí ẹ máa kó owó jọ títí yóò fi di owó ìdúró tí èrè rẹ̀ nìkan lẹ ó máa ná. Bí ẹ bá ń yọ ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, $25,000 ló máa mú $1,000 wá. Ọ̀nà kejì ò ṣeé ṣe ní oṣù kẹfà yìí, ẹ má sì kéde rẹ̀ bí owó ò bá tíì pé. Sikọ́láṣíìpù tó kú ní ọdún kejì burú ju èyí tí kò bẹ̀rẹ̀ rárá lọ.

Ẹ má ṣí àkáǹtì lórúkọ ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́. Ibi mẹ́ta ló yẹ kó gba owó náà: àjọ aláàánú tí ìjọba ti dá mọ̀ fún owó orí, àjọ ìfúnnilówó àdúgbò, tàbí ìlú fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìlú, ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ dìbò láti gba ẹ̀bùn náà, kí ẹ sì kó ìbò yẹn mọ́ ètò ìpàdé kan náà. Owó tí olùfúnni bá fún ẹnì kan tààrà kì í jẹ́ kó rí ẹ̀dínkù owó orí gbà.

Àwọn tó máa yan ọmọ: mẹ́ta tàbí márùn-ún, kí ìbátan Màmá má sí níbẹ̀, kí àwọn tó dá owó má sì pọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Bó bá jẹ́ àkáǹtì tí olùfúnni ti ń gbani nímọ̀ràn lábẹ́ àjọ àdúgbò, òfin àpapọ̀ ti 2006 sọ pé àjọ náà ló gbọ́dọ̀ yan ìgbìmọ̀ yẹn.

Mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ kọ ọ́ pé “fún ọmọ aláwọ̀ dúdú nìkan”. Ìdí tó fi wù yín yé mi dáadáa. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ wà lábẹ́ Title VI ti òfin ẹ̀tọ́ aráàlú 1964, tó ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà léèwọ̀, àti láti ìgbà ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí bí Harvard ṣe ń fi ẹ̀yà gba ọmọ wọlé, ní oṣù kẹfà 2023 ni irú ipò bẹ́ẹ̀ ti ń kó ẹni tó ń pín owó sí wàhálà ẹjọ́. Ẹ gbé e ka iṣẹ́: ọmọ tó ti ṣe ohun kan gbòógì fún ìdọ́gba nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀, kó kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ 500, kí ẹnì kan tó mọ̀ nípa iṣẹ́ náà sì jẹ́rìí sí i. Iṣẹ́ Màmá gan-an lẹ fi wọn ọmọ yẹn.

Ohun kan tó ń dun òbí púpọ̀: bí ẹ bá fi $1,000 ránṣẹ́ sí yunifásítì, ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó ibẹ̀ lè yọ $1,000 kúrò nínú ẹ̀bùn tí wọ́n ti fún ọmọ náà tẹ́lẹ̀, kó wá dà bí ẹni pé yunifásítì lẹ fún lówó. Ẹ kọ lẹ́tà mọ́ ìwé sọ̀wédowó pé kí wọ́n fi dín owó yíyá tàbí iṣẹ́ ọmọ náà kù ṣáájú. Kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ sì pè wọ́n kí ẹ tó sanwó.

Àti ẹ̀bùn fún Màmá: bí wọ́n bá wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú èyíkéyìí, bí wọn ò tilẹ̀ gba owó, òfin ìpínlẹ̀ ka wọ́n sí òṣìṣẹ́ ìlú. Ẹ̀bùn tó tó $50 tí ẹ fún wọn nítorí ipò yẹn léèwọ̀. Àjọ tó ń bójú tó ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ máa ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó ra aago wúrà.

Aṣọ́wé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, kò sẹ́ni tó tíì béèrè ibi tí ìwé Màmá wà. Ogún ọdún ìpàdé! Inú páálí bàtà, abẹ́ ibùsùn, gáréèjì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé èèyàn á kú, àwọn ọmọ á palẹ̀ ilé mọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, pàǹtí á kó o lọ. Ìwé Ruth Batson ò bá a lọ bẹ́ẹ̀ torí pé ẹnì kan ṣètò rẹ̀. Ó wà ní Schlesinger Library ní Radcliffe, àkójọ METCO sì wà ní yunifásítì Northeastern. Kí Màmá tó gba pátákó, kí ìwé wọn ní ibùgbé.

Kí ẹ tó gbé páálí kankan kúrò níbi tó wà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ má tò ó ní ọjọ́ sí ọjọ́. Bí Màmá ṣe tò ó sọ bí wọ́n ṣe ń ronú: bí lẹ́tà òbí kan bá wà láàárín ìwé ìṣúná, ó nídìí. Ẹ tú rọ́bà tí wọ́n fi di ìwé, torí ó máa ń yọ́, á lẹ̀ mọ́ ìwé, á sì fà á ya. Píìnì ìwé tó ti dípẹtà, ẹ má fi irin eléyín tí wọ́n fi ń yọ píìnì yọ ọ́. Ẹ ti abẹ fẹ́lẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ́ apá méjèèjì, kí ó jáde fúnra rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rá gbígbóná bo ìwé kankan, ẹ má sì lo sẹ́lótéèpù. Ìwé fáàsì àtijọ́ àti rìsíìtì dídán máa ń ṣá títí yóò fi funfun báláú, torí náà ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí ìwé lásán kíákíá. Fáìlì tí kò ní ásíìdì, ẹ fi pẹ́ńsù kọ orí rẹ̀, kì í ṣe bírò.

Ẹ má gbàgbé í-meèlì. Láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, inú fóònù àti kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ìjà náà wà. Ẹ bá Màmá gbà á jáde nísinsìnyí tí wọ́n ṣì rántí ọ̀rọ̀ aṣínà.

Ilé ìkówèésí tó bá gbà á yóò fún Màmá ní ìwé ẹ̀bùn láti fọwọ́ sí. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò níbẹ̀: ta ló ni ẹ̀tọ́ àdàkọ, ṣé ẹbí lè rí ẹ̀dà gbà, àti ọdún mélòó ni wọ́n máa fi ti fáìlì tí orúkọ ọmọ wà nínú rẹ̀ pa. Ẹ ya fáìlì wọ̀nyẹn sọ́tọ̀ láti ilé, ẹ kọ “orúkọ ọmọ wà níbí” sí i lára.

Ohùn Màmá ńkọ́? Ìjókòó méjì tàbí mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju ìṣẹ́jú 90 lọ. Ẹ̀rọ méjì ni kó máa gba ohùn lẹ́ẹ̀kan náà, ní WAV (irú fáìlì ohùn tí wọn kì í fún pọ̀), 48 kHz, 24 bit. Ẹ pa fìríìjì tó wà nítòsí, kí ẹni tó pa á fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ sínú rẹ̀ kó má bàa gbàgbé láti tún tan án. Ẹ má béèrè pé “báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀?”, torí ìdáhùn tí wọ́n ti fún gbogbo ènìyàn ni wọ́n máa fún yín. Ẹ tẹ ètò ìpàdé kan láti 2009, ẹ gbé e sí wọn lọ́wọ́, ẹ ní: “Kókó kẹfà yìí, kí ló ṣẹlẹ̀ nínú yàrá?” Ẹ ó rí ojú wọn. Wọ́n á sọ ẹni tó dìde jáde, ẹni tó rojú, ibi tí àga òfìfo wà. Àkọsílẹ̀ ìpàdé kì í kọ ìyẹn. Wákàtí kan ohùn máa ń gba wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà láti kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, torí náà ẹ pín iṣẹ́.

Akọ̀wé_Òbí

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Bọ́ọ̀sì_Aago_Mẹ́fà, mo gba ìbáwí yẹn, gbólóhùn náà ti kúrò. Ohun tí ẹgbẹ́ ń rò báyìí: ìpinnu pẹ̀lú ìlànà, bọ́ọ̀sì àti oúnjẹ $900, fáìlì, páálí àti ẹ̀rọ ohùn $600, kí $1,500 tó kù wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ àjọ àdúgbò títí a ó fi mọ̀ bóyá sikọ́láṣíìpù ṣeé ṣe. Yàrá ìkàwé ńkọ́? Àwọn kan ò tíì fi sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pátákó, ṣé àmì orí àti abẹ́ lẹ́tà lè wọ inú idẹ? Orúkọ Màmá ní ẹ̀ àti ọ́.

Ìwé_Ìpàdé

Ẹ ka ìlànà ìsọlórúkọ ìlú yín kí ẹ tó jà lórí yàrá ìkàwé. Ọ̀pọ̀ ìlú kì í fi orúkọ ẹni tó ṣì wà láàyè sọ ilé tàbí yàrá, àwọn mìíràn fẹ́ kí ọdún mélòó kan kọjá, kí ará ìlú sì sọ̀rọ̀ ní gbangba. Ruth Batson kú ní 2003, ilé ẹ̀kọ́ kan ní Dorchester sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ yàrá lè dúró. Ìròyìn oṣù kẹwàá ò lè dúró.

Pátákó: ínǹṣì 12 sí 18 tó, ọ̀rọ̀ 40 sí 60, kí lẹ́tà má kéré ju ìdajì ínǹṣì lọ. Ẹ fún alágbẹ̀dẹ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú ilé ni kó kàn án mọ́ ògiri, kì í ṣe ẹgbẹ́. Àmì lè wọ idẹ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ orúkọ náà sínú fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, ibẹ̀ ni àmì abẹ́ ti máa ń sọnù. Ẹ fi PDF ránṣẹ́, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀ àti e kì í ṣe lẹ́tà kan náà, kí Màmá sì fi ojú ara wọn wo àwòrán ìkẹyìn kí wọ́n tó dà á. Bí àmì abẹ́ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìlà tó wà nísàlẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fẹ àlàfo náà, torí nínú dídà idẹ, àmì kékeré lè lẹ̀ mọ́ ohun tó bá sún mọ́ ọn.

Ohun kan ṣoṣo ló kù: ẹ yan ẹnì kan nísinsìnyí, kì í ṣe Màmá, tí yóò kọ̀wé sí alága ní September 15 láti béèrè bóyá ìròyìn náà ti wà lórí ètò ìpàdé October. Orúkọ onítọ̀hún àti ti ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀, ẹ kọ wọ́n sínú ìwé ẹgbẹ́ kí ẹ tó tú ká lọ́jọ́ ayẹyẹ.